Ọ́pínà Ọlọ́wọ́ Òsì

Gbólóhùn kan ṣì wà lẹ́nu Lọ́yà nígbà tí ẹnu ọ́pínà náà já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú agolo tòmátò tí wọ́n ń fi dán an wò ló bọ́ sí, tòmátò sì ta sí i láyà aṣọ. Èèkù lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

"Mi ò ṣe nǹkan kan sí i o," ni Lọ́yà wí. "Bó o ṣe ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ náà ni mo ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹnjiníà ti ki ọwọ́ bọ inú agolo, ó mú irin kékeré náà jáde, ó nù ún, ó sì tún yí i mọ́ èèkù títí ó fi le. Ó wá mú agolo mìíràn, ó gún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ geere títí ìdérí fi ṣí pátápátá. Kò sí ohun tó mì. Ó gbé ọ́pínà fún Lọ́yà pé kó tún dán an wò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì gé agolo dé ìdajì tí ẹnu ọ́pínà tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ eyín. Ìgbà náà ni Ẹnjiníà wo ọwọ́ tí Lọ́yà fi mú un. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ọ̀la ni ìdíje iléèwé wọn.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹnjiníà láti kékeré, nítorí kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ilé tí kò ní tú wò. Wẹ́dà ni bàbá náà, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Ọmọ fi jọ ọ́ láìku ẹyọ kan: òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń ju òkò, òsì ló fi ń ti ọ̀rẹ́ nígbà tí ẹ̀rín bá pa á. Gbogbo ohun tí bàbá yìí bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú ilé ló kọjú sí òsì, ìkọ́ ilẹ̀kùn, àpótí ọ̀bẹ, títí kan àlùmọ́gàjí. Ìyá Ẹnjiníà nìkan ni ọlọ́wọ́ ọ̀tún ilé náà, ó sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé ọkọ tí òun bọ́ sí yìí, ilẹ̀kùn gan-an ò mọ ọ̀tún.

Ìyá yìí ló ń dáná fún àwọn ọmọ iléèwé wọn. Ìyá Ìdáná ni gbogbo wọn ń pè é, tọ̀gá tọmọ. Agolo tòmátò, agolo ẹ̀wà, agolo ẹja, ọ̀bẹ àtijọ́ kan àti òkúta ló fi ń ṣí gbogbo rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì máa ń wú tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ wíwú yìí ló jẹ́ kí Ẹnjiníà ronú ọ́pínà náà. Èèkù kan ṣoṣo ni, ó nípọn, ó kún ọwọ́, àmọ́ ẹnu mẹ́rin ló ṣeé pààrọ̀ sí i lórí: èyí tó ń gé agolo, èyí tó ń ṣí ìgò, èyí tó ń tú ìdè, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń yí wọ pákó, àti ọ̀bẹ kékeré kan. Bí ìdérí ṣe ń wọ ẹnu ìgò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọ orí èèkù; èèyàn á yí i, á yí i, títí á fi le.

Nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ni òun àti bàbá náà ti jọ ṣe é. Wọ́n fi pamọ́ fún ìyá, pé ó di ẹ̀yìn ìdíje kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́, kó lè yà á lẹ́nu. Àwọn méjèèjì nìkan náà ló ń dán an wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí èèyàn bá ń ti ọ́pínà yíká agolo, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, bó ṣe ń lọ́ ni ẹnu ọ́pínà ń le sí i. Tó bá jẹ́ ọ̀tún, òdìkejì ló ń lọ́ sí, ó sì ń tú u láìmọ̀. Nínú ìsọ̀ tó jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì méjì ló wà níbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹnjiníà ní kí wọ́n lọ sọ fún olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ tó lè bá a tún un ṣe ti lọ de géètì sí ìlú mìíràn, ó sì kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ń lu irin lọ. Kò ní dé títí ìdíje á fi parí.

Lọ́yà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ da oúnjẹ nù. Wọn ò dédé sọ ọmọ yìí ní Lọ́yà. Bó bá fọ́ abọ́ tán, yóò bá ẹ rò ó títí wàá fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ni wọ́n ní kó ṣí agolo níwájú wọn lọ́la?" ó bi í.

"Èmi."

"Ọwọ́ wo lo máa fi ṣí i?"

"Òsì."

"Ṣé ó máa ṣí?"

"Á ṣí."

"Èwo wá ni irọ́ níbẹ̀? Èèyàn kì í dáhùn ohun tí wọn ò bi í. Tó o bá ti wọlé tán, o lè wá fara balẹ̀ tún un ṣe. Àbí o fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ fi àpótí ìjókòó ẹ̀ yẹn gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́, ọmọ iléèwé wọn tí òun náà fẹ́ díje, ló wọ̀ ọ́ lára. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe irinṣẹ́ ló gbé ìdíje náà kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú nínú iléèwé wọn, wọ́n á gbà á sí iléèwé iṣẹ́ ẹ̀rọ tiwọn, ibẹ̀ sì ni Ẹnjiníà ti ń fọkàn sí látìgbà tó ti gbọ́njú. Wọn ò ní padà wá mọ́ kó tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ó wo ọ́pínà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì rọra fi aṣọ dì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ilé, ó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná bó ṣe máa ń ṣe. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé kí ni ọmọ àti bàbá ń gbé kiri nínú aṣọ láti ọjọ́ yìí bí ẹni tó jí ẹyin adìyẹ kó. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màámi ní sùúrù, wọ́n máa rí i. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa, òun ti ní sùúrù fún ilẹ̀kùn wọn, òun á ní sùúrù fún èyí náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbọ̀ngàn iléèwé kún. Wọ́n to tábìlì yíká, olúkálukú dúró ti ohun tó ṣe. Àwọn mẹ́ta ló wá láti ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Obìnrin náà ni ọ̀gá wọn. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ imú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kò sí ohun tí kì í fọwọ́ kàn. Ó ṣí ohun tó ṣeé ṣí, ó fa ohun tó ṣeé fà. Bó ṣe ń bọ̀ láti tábìlì dé tábìlì ni Ẹnjiníà ń ka èyí tó kù kó tó kàn án.

Jẹ́jẹ́ ló wà nítòsí rẹ̀. Àpótí ìjókòó kan tó ṣeé ká ló ṣe. Bí obìnrin náà ṣe fẹ́ jókòó lé e, Jẹ́jẹ́ rọra sọ fún un pé, "Ẹ rọra, mà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kì í balẹ̀ dáadáa. Mo ti wá ohun tó fà á títí, mi ò tíì rí i." Obìnrin náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnjiníà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì káàánú Jẹ́jẹ́ bí èèyàn ṣe ń káàánú òmùgọ̀.

Ó wá kàn án. Ó fi òsì mú ọ́pínà, ó gún agolo, ó sì tì í yíká. Ìdérí ṣí bí ìwé. Ó pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ wéré, ó ṣí ìgò kan. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tú ìdè kan lára pákó. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún pé kó gbé e wá. Ẹnjiníà yára ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nù ún ná, kí tòmátò má bàa ta wọ́n láṣọ. Ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò sì mọ́. Obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó lójú.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè lò ó?"

Ohun tí Lọ́yà ní wọn ò ní bi í gan-an ni wọ́n bi í yìí. Ẹnjiníà yíjú sẹ́yìn wá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́yà ti gbójú sókè, ó ń wo àjà gbọ̀ngàn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá kun ún lọ́dà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ẹnjiníà dáhùn. "Ẹnikẹ́ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lánàá, ó dákẹ́ ni. Lónìí, ó ti purọ́, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá obìnrin náà mi orí. Ó gba ọ́pínà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé pé ta ló ń ṣí agolo jù nínú iléèwé yìí. Àwọn ọmọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Ìyá Ìdáná ni. Kí Ẹnjiníà tó rí nǹkan sọ, ẹnì kan ti sáré lọ pè é.

Ìyá rẹ̀ wọlé, aṣọ ìdáná funfun wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń fi nu ọwọ́. Ó kí àwọn àlejò. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá obìnrin náà, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún òun nìyẹn. Ojú rẹ̀ tàn fún ayọ̀. Kò wí fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ òun ló ṣe é. Wọ́n gbé agolo síwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ́pínà lé e lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹnjiníà fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ààyè náà lọ nìyẹn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, ọwọ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ọ́pínà. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá agolo náà á ṣí kó tó yọ, bóyá Màámi ò ní tẹ̀ ẹ́ jù.

Ìyá rẹ̀ gún agolo, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Láti ibi tí Ẹnjiníà dúró sí, ó rí i tí àlàfo tín-ín-rín kan là láàárín èèkù àti ẹnu. Ìyá rẹ̀ dúró. Ó wo ọ́pínà, ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo ọ́pínà. Ó rọra yí ẹnu rẹ̀ padà kó le, ó sì gbé e bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ sinmi ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ náà. Agolo yẹ̀, etí ìdérí tó mú bí abẹ gé e ní àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tó fi di agolo mú. Ó fà á sẹ́yìn kíá, ó ki í bọ abẹ́ aṣọ ìdáná, ó sì fi òsì parí èyí tó kù.

"Ó ṣí, ẹ̀yin ọ̀gá," ó wí. "Ohun tó dáa ni."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó mú bírò. Lọ́yà ti sọ ojú kalẹ̀ láti orí àjà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Ìdáná kí wọn pé ó dàbọ̀, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnjiníà rí i lára aṣọ funfun náà, pupa kan tó ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tòmátò kọ́ o.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," ni Ẹnjiníà wí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Ẹ dúró, mà. Mo purọ́. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ò lè lò ó, á tú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Àtàná ni mo ti mọ̀. Ẹ wo ọwọ́ wọn, ó ti gé wọn."

Ọ̀gá obìnrin náà fi ọ̀tún mú ọ́pínà, ó fi gún agolo mìíràn, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi já bọ́ sórí tábìlì. Ó yíjú sí Ìyá Ìdáná, ó béèrè bóyá ó mọ ọmọ yìí.

"Ọmọ mi ni, mà," ni ìyá náà dáhùn.

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò pariwo, ì bá sì ti sàn fún Ẹnjiníà ká ní ó pariwo.

"Kò sí irinṣẹ́ kan tó ti ilé-iṣẹ́ wa jáde rí tí kò kọ́kọ́ ní àbùkù," ó wí. "Iṣẹ́ tèmi gan-an ni kí n máa wá a. Ká ní o sọ fún mi nígbà tí mo bi ọ́, ìwọ là bá mú, nítorí ọgbọ́n inú nǹkan yìí dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé irin máa yọ, tó sì ń wo ẹlòmíràn tó ń lò ó, mi ò lè fi ọwọ́ ọmọlọ́mọ sí i níkàáwọ́. Ó tì o."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n mú. Ẹsẹ̀ àpótí rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, Ẹnjiníà bu omi sí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fọ ojú ọgbẹ́, ó sì ń fi aṣọ tó mọ́ dì í. Ẹni tí irin gé ò sunkún. Ẹni tó ń di ọgbẹ́ ló ń sunkún. Ó dun Ẹnjiníà dé egungun. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wọn.

"Bó ṣe mì ni mo ti mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yín, ṣé mi ò ní mọ iṣẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ni? Mo wo ojú rẹ, mo sì rí i pé ìwọ náà mọ̀. Mo ní kí n bò ọ́ láṣìírí." Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. "Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ìwọ gbé e pamọ́ fún wọn, èmi náà bá ọ gbé e pamọ́, ẹ̀jẹ̀ ló tú wa fó. Má ṣe sọ mí di òpùrọ́ mọ́, ọmọ mi. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọ pọ̀ débi pé màá tún ṣe é."

Lọ́yà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó sì wá bá wọn gbá ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ máa wọ́n ọn.

Nígbà tí bàbá dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mú ọ́pínà náà, ó gbé e bọ́ sí ọ̀tún, ó dán an wò títí ẹnu rẹ̀ fi já bọ́. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì dìde bọ̀rọ̀.

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àwa ti ń fi òsì nìkan wẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a ò sì bi ìyá rẹ léèrè rí."

Wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò yí nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Tààrà ni ẹnu ọ́pínà ń wọ inú èèkù, ìṣó kékeré kan á sì gba ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì láti dè é mọ́lẹ̀. Bí èèyàn ò bá fa ìṣó náà yọ, kò sí ọwọ́ tó lè tú u. Wọn ò gbé e pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà gbé e fún Lọ́yà, ó gbé e fún aládùúgbò, ó gbé e fún Jẹ́jẹ́ pàápàá, ó sì ń bẹ olúkálukú pé kó bá òun wá ibi tó kù sí.

Ọgbẹ́ ti jiná, àpá rẹ̀ nìkan ló kù, ní ọjọ́ tó gbé e wá sí ilé ìdáná iléèwé. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ó gbé agolo síwájú, ṣùgbọ́n kó tó gún un, ó gbójú sókè.

"Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n mọ̀?"

Ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ́pínà náà, ó sì dun Ẹnjiníà láti bà á jẹ́ fún un.

"Ó wà, Màámi. Ti agolo ò ní nǹkan kan. Àmọ́ èyí tó ń ṣí ìgò ṣì ń ha èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Mi ò tíì rí ọgbọ́n ẹ̀ dá. Ẹ má tíì lò ó."

Ìyá rẹ̀ yọ èyí tó ń ṣí ìgò kúrò nínú àwọn tó kù, ó dá a padà fún un, ó sì fi ọ̀tún ṣí agolo náà láìdúró. Ẹnjiníà ki irin tó ń ha èèyàn náà bọ àpò, ó kọrí sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti yé e wàyí. Àbùkù tí a bá fi han èèyàn ṣeé tún ṣe. Èyí tí a bá gbé pamọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń gé.